Bàbá Ojúlówó

Kò sí mẹkáníìkì ní Àgọ́-Àmọ́dù tí yóò tú púlọ́ọ̀gì lára máṣíìnì kí Bàbá Ojúlówó má bèèrè ìran tí púlọ́ọ̀gì náà ti wá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, tí àwọn ọlọ́kadà ti gbé èrò ọ̀nà Ṣakí àti ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lọ, ẹ óò bá wọn lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ àtíbàbà, awò lójú, tẹ́ẹ̀pù àwọn aránṣọ lọ́rùn. Wọn kì í ṣe mẹkáníìkì. Wọn ò ta páàtì rí. Máṣíìnì tiwọn gan-an kì í sábà bá wọn wá síbẹ̀, nítorí ìdí tí a óò dé láìpẹ́. Ẹjọ́ ni wọ́n wá dá.

Ẹ yọ ríìngì písítìnì jáde nínú ọ̀rá, wọ́n á ti na ọwọ́. Wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún, wọ́n á fi èékánná ta á, wọ́n á gbé e sétí kí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń dún. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi ìka méjì dá a padà.

"Ṣáínà ni."

"Bàbá, owó gidi ni mo kó lé e o."

"Ṣé mo bi ọ́ lówó ni? Mo ní Ṣáínà ni."

Ọlọ́kadà á wo mẹkáníìkì, mẹkáníìkì á wo ilẹ̀. Kò sí irú ríìngì mìíràn láti ibẹ̀ títí dé Ṣakí, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá pàápàá mọ̀. Wọ́n á ki Ṣáínà náà bọ inú sílíńdà, máṣíìnì á pariwo, yóò sì gba ọ̀nà oko lọ láti gbé iṣu. Bàbá á máa mi orí tẹ̀lé e títí igbó yóò fi gbé e mì.

Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n. Ní Ìsẹ́yìn, ìdí òfì lẹ ti máa bá a, níbi tó ti ń fa òwú aṣọ òkè já kó lè fi hàn yín pé kì í ṣe sányán gidi, bẹ́ẹ̀ léèsì ni òun alára wọ̀ wá síbẹ̀. Ní Géètì n'Ìbàdàn, níbi tí páàtì ti pọ̀ ju èèyàn lọ, àwọn ọlọ́jà Aráròmí kò ráyè fún un ní bẹ́ńṣì. Ṣùgbọ́n Àgọ́-Àmọ́dù gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí ni, síbẹ̀ orí máṣíìnì ni iṣu, èlùbọ́, aláboyún àti káńsẹ́lọ̀ fi ń dé ibi tí wọ́n ń lọ. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má ní ẹnì kan tí yóò máa sọ fún un pé ohun tó ń gùn kọ́ ló yẹ kó máa gùn.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni Bàbá ṣe fẹ̀yìntì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà rántí wolé-wolé: ó wọ kákí, ó gbé ìwé dání, ó ṣí ìkòkò omi yín, ó ń wo inú rẹ̀ títí ó fi rí tanwíji. Bí kò bá sí tanwíji níbẹ̀, ó lè dúró dè é. Nígbà tí ìjọba wá fún Bàbá ní ìwé ìsinmi, tí omi ẹ̀rọ sì gba ipò ìkòkò nínú ilé, ojú wọn kò rí nǹkan wò mọ́. Ojú tó ti ń wá tanwíji láti ìgbà èwe kò sì lè ṣàdédé sinmi. Inú kábúrétọ̀ ló gbà lọ.

Owó Údójì ni wọ́n fi ra Honda 175 wọn. Ní 1974 ni ìgbìmọ̀ Olóyè Jerome Udoji dábàá pé kí ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba Gowon gbà, ó sì san àjẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí 1975 wọlé, owó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹlòmíràn ra rẹ́díò, ẹlòmíràn fẹ́ ìyàwó kejì, ẹlòmíràn ṣe méjèèjì kó tó rántí pé òun jẹ owó ilé. Bàbá ra Honda: sílíńdà méjì, sàláńsà méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, táńkì rẹ̀ ń kọ mànà nínú oòrùn. Rísíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi 1975 yẹn sọ́kàn, ó máa wúlò fún Bàbá.

Òfin wọn kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ iṣẹ́ abẹ́ àtíbàbà tí kò há a sórí. Ti Jàpáánì ni ọmọ ilé. Tòkúnbọ̀ kò burú, ó ti bá òyìnbó gbé, ó ní ẹ̀kọ́. Táíwàn ni wọ́n fi ń bú èèyàn nígbà kan, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Ṣáínà ti dé, ohùn pẹ̀lẹ́ ni Bàbá fi ń pe Táíwàn. Ti Íńdíà ṣì wà lábẹ́ ìwádìí, nítorí pé Bajaj ni àna wọn ń gùn. Ti Nnewi ni wọn kì í tiẹ̀ dárúkọ, bẹ́ẹ̀ láti ọjà Nkwo Nnewi ni ọ̀pọ̀ páàtì máṣíìnì ilẹ̀ yìí ti ń gbéra, àti èyí tí Bàbá ń fẹnu kò lẹ́nu pé Jàpáánì ni.

Ọmọ iṣẹ́ kan tí kò tíì gbọ́n ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dun òfin náà. "Bàbá, Honda Ọ̀tà ńkọ́?"

Ìbéèrè tó burú ni. Ní 1979 ni Honda dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1981 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to máṣíìnì pọ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọwọ́ tó fi òkèlè ẹ̀bà bọ ẹnu láàárọ̀ ló dì í ní bọ́ọ̀tì. Ọmọ ilé ni àbí àlejò?

Bàbá ronú. "Jàpáánì ló bí i. Ọ̀tà kàn sọ ọ́ lórúkọ ni."

"CG125 tí Honda ṣe ní Brazil ńkọ́? Èyí tí Honda fúnra rẹ̀ ṣe ní Ṣáínà ńkọ́?"

Wọ́n ní kí ọmọ náà lọ ra omi wá.

Lójú tèmi, ọmọ yẹn jàre. CG125 tí Honda gbé jáde ní 1976 kò yàtọ̀ sí ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kọ nípa wa. Àwọn ẹnjiníà Honda ti rí i pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó ra máṣíìnì kì í pààrọ̀ ọ́ìlì, kì í fọ nǹkan kan, á kàn máa gùn ún lọ títí ohun tó bá máa bàjẹ́ yóò fi bàjẹ́. Wọ́n wá padà sí ọgbọ́n ọ̀pá tó ń ti fáàfù láti ìsàlẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn tìkára wọn ti ń pa tì, kí ẹ́ńjìnì náà lè fara da ìwà wa. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe fún aláìbìkítà wá di èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ Ṣáínà ń ṣe irú rẹ̀ láìlóǹkà. Jincheng tó gba ojú ọ̀nà kan lẹ́yìn náà, àwòrán Suzuki AX100 ni. Boxer tó lé Jincheng wọ igbó, Kawasaki ló bá Bajaj jókòó tì í níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya ọmọ ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ìta nínú ìdílé yìí, kó yáa gbé oúnjẹ ọ̀sán dání.

N kò ní purọ́ mọ́ Bàbá o. Ibì kan wà tí ojú wọn ti ń gba ẹ̀mí là, ìyẹn ni bíríìkì. Bíríìkì ayédèrú wà lọ́jà tó jẹ́ pé ohun dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ á ṣí kúrò ní odindi bó bá ti gbóná. Ẹni tó bá di àpò èlùbọ́ méjì sẹ́yìn tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú irú rẹ̀ kò ní ráyè fi ẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Bàbá á fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́ létí, wọ́n á ṣí i lójú olówó rẹ̀, wọ́n á sọ ọ́ sínú igbó, ì báà máa sunkún. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í lè bú wọn. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé bó bá di ọjọ́ kejì, ìbínú yẹn náà ni wọ́n á gbé ti aṣọ ìjókòó, ti róbà ìdìmú, àti ti aago ara kẹ̀kẹ́ ọmọ ilé ìwé.

Wàyí o, máṣíìnì tiwọn.

Táńkì rẹ̀ jẹrà nígbà ìjọba Ṣàgàrí. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, wẹ́lídà kan ní Ṣakí ló gé e lára dúrọ́ọ̀mù ọ́ìlì. Kábúrétọ̀ rẹ̀, ti CG ni, CG ti Ṣáínà. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, lára Jincheng tí olówó rẹ̀ ti sá kúrò nílùú ni wọ́n ti tú u. Iná iwájú, Boxer. Ṣéènì, kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀. Firẹ́mù rẹ̀ kán lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, wọ́n jó o pọ̀, ó tún kán, wọ́n tún jó o, ibi tí nọ́ńbà wà nìkan ni iná wẹ́lídà kò tíì dé. Sàláńsà ọ̀tún jábọ́ sínú odò kan lọ́dún tí òjò pọ̀. Páìpù omi tí wọ́n tẹ̀ lẹ́nu ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà náà, ohùn rẹ̀ sì máa ń ta àwọn ewúrẹ́ jí kí Bàbá tó yọ. Gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ Honda ṣe lára Honda náà báyìí, fìlà abetíajá kan lè gbà á.

"Bàbá, ẹ máà bínú o, Ṣáínà ni kábúrétọ̀ yín yìí."

"Ó ti pẹ́ tó ti ń bá mi gbé. Ó ti di ọmọ ilé."

Ìdájọ́ kan náà ni wọ́n ń dá fún èèyàn. Bí ọ̀rọ̀ oyè bá ṣẹlẹ̀, Bàbá ni yóò rántí ìdílé tó wá gba ilẹ̀ oko lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti ọdún tí wọ́n dé, àti iye ọkọ́ tí wọ́n gbé dání. Baba ńlá tiwọn náà tòkèèrè wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Lórí àmàlà, ẹnu wọn mú ju abẹ lọ: bí láfún bá kan èlùbọ́ iṣu bí ó ti wù kó kéré tó, wọ́n máa mọ̀. Wọ́n á kéde rẹ̀ fún olóńjẹ níwájú gbogbo oníbàárà. Wọ́n kì í kéde rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ́ tán.

Ọmọ àbúrò wọn tó wà l'Ámẹ́ríkà ló wá bá wọn da epo sínú iná. Ó fi fídíò ránṣẹ́: àwọn àgbà òyìnbó tó ti hewú ń fi máṣíìnì àtijọ́ sáré nínú ẹrẹ̀, wọ́n ń fò lórí òkìtì, àwọn mìíràn ń ṣubú. Motocross lorúkọ eré náà, AHRMA sì ni ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ti àtijọ́ níbẹ̀. Eré náà kò jọ Bàbá lójú. Àwọn ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pápá ló gba ojú wọn, àwọn tó di ìwé òfin mú, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ máṣíìnì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé.

"Wolé-wolé!" ni Bàbá ké. "Òyìnbó ṣì ní wolé-wolé!"

Ìwé òfin yẹn sì ní làákàyè, bí èèyàn bá fara balẹ̀ kà á. Fún àwọn máṣíìnì àtijọ́ gan-an, wọ́n fa ìlà sí 1974, nítorí pé àsìkò yẹn ni ṣọ́ọ̀kì yí ìwà padà. Ará Belgium kan, Lucien Tilkens, ló gbé ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo sábẹ́ táńkì dípò méjì tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Yamaha rà á lọ́wọ́ rẹ̀, Håkan Andersson ará Sweden sì fi í gba ife àgbáyé ti ẹ́ńjìnì 250 ní 1973. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ilé iṣẹ́ ti ń na ṣọ́ọ̀kì gùn, ẹni tí tirẹ̀ kúrú kò sì lè bá wọn débì kan mọ́ lórí òkìtì. Ohun tó mú kí òfin sọ pé iwájú kò gbọdọ̀ rìn ju ínǹsì méje lọ, ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju mẹ́rin, nìyẹn. Wọn kò bèèrè ọjọ́ orí páàtì. Písítìnì tí wọ́n rọ lọ́dún tó kọjá lè wọlé bó bá ti rí bí ti ìgbà náà, nígbà tí bíríìkì díísìkì tó ti lo ogójì ọdún láyé lè wà níta. Jeff Smith tó gba ife àgbáyé ti 500 lórí BSA ní 1964 àti 1965 ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì wá di ọ̀gá ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tó gun àwọn máṣíìnì náà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ tuntun ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, èyí sàn ju ẹni tó kàn ní tẹ́ẹ̀pù lọ.

Bàbá fo gbogbo èyí, wọ́n lọ dì mọ́ gbólóhùn kan péré: máṣíìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1974 lè wọlé bí ìṣe rẹ̀ kò bá yàtọ̀ sí ti 1974. Wọ́n lọ fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n gbé rísíìtì 1975 sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Wọ́n mọ̀ pé mo wà níbí," ni wọ́n wí.

Àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́kadà Àgọ́-Àmọ́dù ló jìyà rẹ̀. Bí ìkórè bá parí, tí owó iṣu bá wà lápò, wọ́n máa ń fi máṣíìnì bá ara wọn sáré lórí pápá ilé ìwé, ẹni tó bá borí á mu ohun tó wù ú, ẹni tó bá ṣubú á sanwó rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mò ń wí, Bàbá ti dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Wọ́n gbé tábìlì sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù aránṣọ wọn ṣọ́ọ̀kì iwájú, wọ́n wọn ti ẹ̀yìn, wọ́n ní kí ọmọkùnrin méjì gun orí ìjókòó kí wọ́n tún un wọ̀n.

"Ìwọ, Boxer, bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

"Bàbá, ẹ dákun, kí ni mo ṣe?"

"Ọdún wo ni wọ́n ṣe é?"

"N kò mọ̀, Bàbá. Mo ṣì ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni."

"Hẹ̀n-ẹ́n. Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan."

Bí wọ́n ṣe lé wọn tán nìyẹn. Àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dìde lọ sáré lórí ilẹ̀ àgbàdo tí wọ́n ti kó lẹ́yìn ilé ìwé, níbi tí kò sí tábìlì. Bàbá kò bínú. Wọ́n ṣí ìwé wọn, wọ́n kọ èsì ìdíje sínú rẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa: ipò kìíní, Honda 175. Kò sí ipò kejì. Ariwo àwọn Boxer ń dé etí wọn láti ẹ̀yìn ògiri bí wọ́n ti ń kọ ọ́.

Àwọn kan rò pé ọjọ́ ogbó ló ṣe Bàbá bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kìíní 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi dandan lé akoto fún gbogbo ọlọ́kadà Nàìjíríà, tí àwọn ọlọ́kadà Kano àti ti àwọn ìlú mìíràn ń dé igbá àti ìkòkò ọ̀dà sórí kí wọ́n má baà mú wọn, gbogbo ayé ló rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé akoto kan yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé Ṣáínà ni, wọ́n sì dá ẹjọ́ pé nínú àwọn méjèèjì, igbá ni ojúlówó, nítorí pé a mọ oko tó ti wá. Bí a bá tẹ̀ lé òfin wọn dé òpin, wọn kò ṣìnà. Orí tó wà nínú igbá náà nìkan ni òfin náà kò rántí.

Kí n tó gbàgbé, ọgbọ́n mẹkáníìkì. Ọkùnrin náà ní páálí Honda kan, pupa, lẹ́tà òyìnbó lára rẹ̀, ó ti gbó létí. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Bí páàtì kan bá wà tó gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, tí olówó rẹ̀ sì ń kánjú, mẹkáníìkì á wọ ẹ̀yìn ilé, á ki Ṣáínà náà sínú páálí, á padà jáde, á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Bàbá á ṣí páálí, wọ́n á fa imú sí i, ojú wọn á rọ̀.

"Ẹ ò rí nǹkan báyìí! Níbo lo ti rí i?"

"Àwọn èèyàn wa ló bá wa fi pamọ́, Bàbá."

"Tọ́jú páálí yẹn o."

"Mo ń tọ́jú ẹ̀, Bàbá."

Mo bi mẹkáníìkì náà bóyá kò rò pé Bàbá mọ̀. Ó nu ọwọ́ sára àkísà, ó ní òun kò bi wọ́n rí, wọn kò sì bi òun.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti Amẹ́ríkà. Ọmọ àbúrò wọn ṣèlérí pé òun yóò fi ọ̀rọ̀ Honda náà lọ ẹnì kan tó mọ òfin eré, bí Bàbá bá lè fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́, kí wọ́n sì kọ gbogbo páàtì tí wọ́n ti pààrọ̀ lára rẹ̀. Fún ti páàtì, Bàbá kọ ọ̀rọ̀ méjì: kò sí. Fún ti àwòrán, wọ́n pe fọ́tò wá sílé, wọ́n fọ máṣíìnì náà, wọ́n fi àdí àgbọn ra á lára, wọ́n fi apá ọ̀tún rẹ̀ ti ògiri gbágbá.

Fọ́tò ya ọ̀kan, ó ya èkejì, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yí i padà, kí n ya ẹ̀gbẹ́ kejì náà."

"Kí lo fẹ́ yà níbẹ̀?"

"Sàláńsà rẹ̀, Bàbá. Méjì kọ́ ló ní ni?"

"Méjì ló ní," ni Bàbá wí. "Ọ̀kan jọ ìkejì. Ya èyí tó wà níwájú ẹ."